Mo Pa Ẹ̀rọ

Mo pa ẹ̀rọ ìlagi nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
mo gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára,
mo ti géètì, mo gba Ìsàlẹ̀-Àfọ́n wálé.
Ẹ̀rọ ò kú.
Ó bá mi jẹun alẹ́. Ó bá mi wẹ̀.
Nígbà tí iná lọ, tí gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́,
ó wá là kedere,
yeeeee,
bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sára dígí
tí kò dé òpin dígí.

Mo ní jẹnẹrétọ̀ Oyèéníran ni.
Mo dìde, mo mú tọ́ọ̀ṣì,
mo lọ gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn ògiri.
Ó tutù nini bí imú ajá.
Mo padà wọlé, mo yọ bátìrì aago ara ògiri.
Mo fi ìgbálẹ̀ wá ìrẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Wúràọlá lajú: "Kí lẹ̀ ń wá?"
"O ò gbọ́ ni?"
Ó tẹ́tí. Ó tẹ́tí títí.
"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi èémí yín."
Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tó bà mí.

Wọ́n ní bí etí bá ń hó, ẹnì kan ló ń dárúkọ ẹni.
Ta wá ni?
Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo fura sí ìyàwó àbúrò mi.
Lọ́jọ́ kẹta, mo fura sí àwọn oníbàárà tí mo jẹ ní pákó.
Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án
kò kù sẹ́nì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mi ò tíì fura sí.
Àbí ẹnu wo ni kì í gbẹ, tí kì í jẹun, tí kì í sùn?

Ìyá ìyàwó mi ro àdín lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i.
Ó ń hó nínú àdín bí àkàrà.

Dókítà kan, ọmọdébìnrin, fi iná wo inú etí mi,
ó lu irin kékeré kan, ó gbé e lé mi níwájú orí.
Ó ní: ọdún mọ́kànlélógún lẹ́nu ayùn, bàbá,
etí yìí ti ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó.
Kì í ṣe kòkòrò. Kì í ṣe wèrè.
Ẹ má jókòó sínú ìdákẹ́rọ́rọ́;
ẹ wá ohùn mìíràn tì í, kó má dá nìkan jọba.
Mo bi í pé ìgbà wo ló máa lọ.
Ó wo bébà. Ó tún bébà wò.

Ẹ bi mí léèrè ibi tó le jù.
Kì í ṣe òru.
Ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Ẹlẹ́rin ni, nígbà tí pásítọ̀ sọ pé
"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa."
Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn dákẹ́.
Èmi nìkan ni ariwo ń sọ nínú mi bí ọjà.
Mo rọra jáde, mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò
títí ọ̀kadà mẹ́ta fi kọjá.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Wúràọlá yí rédíò sáàárín ìlú méjì,
níbi tí kò ti sí ìròyìn, tí kò ti sí ìwàásù,
ṣááááá nìkan, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà.
Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi,
ó rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.
Mo sun wákàtí mẹ́ta.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí rédíò kú iṣẹ́.

Ọmọ-ọmọ mi, Ìbídùn, ní òun náà fẹ́ gbọ́ ọ.
Ó fi etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi, ó dijú,
ó pẹ́ níbẹ̀.
"Kí lo gbọ́?"
"Etí yín gbóná, bàbá àgbà."

Lánàá, mo ń gbé omi bọ̀ láti ìdí kànga.
Òjò ṣú, mo ń ro pákó tí mi ò tíì bò,
ìdigbò mẹ́rìnlá nílẹ̀ gbalasa.
Mo ti sọ garawa kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn
kí n tó rántí pé etí mi ń hó.
Mo wá a. Ó wà níbẹ̀, yee,
kò bínú, kò lọ.
Láti kànga dé ẹnu ọ̀nà, á tó ogójì ìṣísẹ̀.
Mo ti kà á lónìí:
méjìdínlógójì ni.